Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀: Atẹdùùrù Jáàsì-Rọ́ọ̀kì Kan, Àwo Mẹ́ta, àti Ìbéèrè Nípa Ẹni Tó Gbé Wọn Jáde

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ atẹdùùrù ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún kí ó tó kó àpótí ìwé àti téèpù rẹ̀ tọ̀ wá wá. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a sì ti yí ìwọ̀nba nǹkan tó lè mú kí wọ́n dá a mọ̀ padà, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà ṣe tẹ̀ léra àti ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀ ni a kọ síhìn-ín bó ṣe rí. Iṣẹ́ wa ni títọ́jú àkọsílẹ̀ àti ẹ̀tọ́ àwọn olórin tó ti dàgbà. A kì í ṣe agbẹjọ́rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbẹjọ́rò kan bá wa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀sùn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní òun ni olùgbéjáde àwo orin mẹ́ta, ìyẹn ni pé òun ni òun darí iṣẹ́ wọn nínú sítúdíò láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ títí àwo fi dé orí àtẹ. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ olórin jáàsì-rọ́ọ̀kì kan tí onígìtá kan jẹ́ olórí rẹ̀, wọ́n sì jáde ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀kẹta jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lẹ́yìn páálí àwo àkọ́kọ́, orúkọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù ni wọ́n kọ sí àyè olùgbéjáde. Lẹ́yìn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, orúkọ onígìtá ni. Ẹ̀kẹta nìkan ló gbé orúkọ tirẹ̀. Ohun tó jí ọ̀rọ̀ náà dìde lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún ni pé àwọn olórin ráàpù ya ègé ohùn kan láti inú àwo àkọ́kọ́, orin tí wọ́n fi ṣe sì gba ìgboro kan. Owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ tó ni àwo náà, ó wọlé fún onígìtá, kò sì sí kọ́bọ̀ tó kan atẹdùùrù wa. Ó fẹ́ owó náà, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi hàn sí wa pé ohun tó ń dùn ún jù lọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ka ẹ̀yìn páálí náà yóò gbà pé dùùrù nìkan ló tẹ̀, ó sì lọ sílé.

Kí ìdí tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi le nínú orin yìí tó lè yé ni, a ní láti padà sí ọdún 1969 ní ìlú New York. Ní oṣù kejì ọdún náà, Miles Davis, afunkàkàkí jáàsì, gba àwo In a Silent Way sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ó gba Bitches Brew sílẹ̀, tí ó jáde ní 1970. Olùgbéjáde rẹ̀, Teo Macero, gé téèpù sí wẹ́wẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ọ̀nà tí ó wù ú. Apá tó bẹ̀rẹ̀ ojú kejì In a Silent Way tún padà wá ní ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olórin náà kò ṣeré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Téèpù ni wọ́n dà kọ. Ohun tí a ń gbọ́ lórí irú àwo bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣeré rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó bá Miles Davis ṣiṣẹ́ nígbà náà ló dá àwọn ẹgbẹ́ ńlá ìgbà náà sílẹ̀: Joe Zawinul àti Wayne Shorter dá Weather Report sílẹ̀, John McLaughlin dá Mahavishnu Orchestra, Chick Corea dá Return to Forever, Herbie Hancock sì gbé Head Hunters jáde ní 1973, àwo tí iye tó tà lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù rí i pé owó wà nínú jáàsì tó ń lo iná mànàmáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kò tíì lórúkọ rárá. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọkùnrin yìí fi wọlé.

Ẹ̀rọ náà tún dá kún un. Téèpù tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì ni wọ́n ń lò, tí ọ̀nà ohùn 16 tàbí 24 wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ń sáré ní íǹṣì 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo róòlù kan kò ju ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi àtinúdá ṣeré lè lo wákàtí kan gbáko lórí kókó kan ṣoṣo. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó sínú yàrá ẹnjiníà láti sọ ìgbà tí téèpù yóò bẹ̀rẹ̀, ibi tí eré yóò dúró, ìṣẹ́jú mélòó nínú ogójì ló tó gbọ́, àti apá wo ni yóò ṣáájú. Nínú jáàsì àtijọ́, olùgbéjáde lè jókòó kí ó máa fetí sílẹ̀. Nínú orin yìí, ẹni tó di abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni tó hun orin. Síbẹ̀, òfin àti páálí àwo kò ní àyè kankan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, ilé-iṣẹ́ ló sì máa ń pinnu orúkọ ta ni yóò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésí ayé ọkùnrin náà kúrò níbẹ̀ kò ṣòro láti rò. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ dùùrù, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Boston, ó sì dé New York nígbà tí Fender Rhodes, dùùrù oníná, ti ń gba àyè dùùrù onígi lórí pèpéle. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwo àkọ́kọ́ ń bójú tó ẹgbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń yọjú ní ìparí. Àyè tó ṣófo láàárín méjèèjì ni ọkùnrin wa wọ̀. Lẹ́yìn àwo kejì, ẹgbẹ́ náà túká, ó sì kó lọ sí Los Angeles, níbi tó ti ń bá àwọn olórin mìíràn ṣeré nínú sítúdíò, tó sì ń gbé àwo jáde fún àwọn ẹlòmíràn. Ìyẹn ló gbà á là nígbà tí ayé yí padà: ẹ̀rọ ìlù LM-1 ti Roger Linn ti dé ní 1980, dùùrù oníná Yamaha DX7 àti ìlànà MIDI tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ orin bá ara wọn sọ̀rọ̀ sì dé ní 1983, tí ó fi jẹ́ pé ẹnìkan nínú yàrá kan lè ṣe iṣẹ́ àwọn olórin márùn-ún. Wọn ò pe àwọn atẹdùùrù sítúdíò mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń parí àwo ṣì rí iṣẹ́ ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú ni lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ra gbogbo àwo ilé-iṣẹ́ àtijọ́ náà. Èsì wọn kò ní ìbínú nínú. Wọ́n ní àwọn wá inú fáìlì, àwọn kò rí ìwé àdéhùn olùgbéjáde kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Pé gbogbo ohun tó ṣe wà lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a gbé fún òṣìṣẹ́ ṣe, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Àti pé ẹ̀yìn páálí ni ẹ̀rí tí àwọn ní. Lójú ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n jàre. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń mú kí ẹni tí kò tíì ní èrò kankan kọ èrò sílẹ̀, bí ó bá sì ti kọ ọ́ tán, ó di dandan fún un láti dúró lórí rẹ̀. Oníbàárà wa ló fi dandan lé e pé kí lẹ́tà ṣáájú, nítorí ó dá a lójú pé ẹ̀rí wà nínú fáìlì wọn.

Lẹ́yìn èyí a yíjú sí ìrántí àwọn tó kù láyé. Onílù ẹgbẹ́ náà sọ láìṣiyèméjì pé atẹdùùrù ló gbé àwo méjèèjì jáde. Onígìtá sọ pé rárá, pé atẹdùùrù kàn máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ẹni tó ta gìtá béèsì ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju àwòrán mélòó kan lọ. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa gbọ́ ti ẹni mẹ́ta, kò sì sí èyí tí a lè gbé lé orí tábìlì níwájú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Àwọn tó wà nínú yàrá kan náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn máa ń rántí ibi tí àwọn fúnra wọn dúró sí, wọ́n sì máa ń fi ibẹ̀ ṣe àárín yàrá.

Ó wá ku téèpù. Róòlù oníìdámẹ́rin íǹṣì ló pọ̀ jù nínú àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì wà níbẹ̀ tí ó gbà lọ́wọ́ sítúdíò kan nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn dànù. Ó ti gbé ọ̀kan sí orí ẹ̀rọ nílé rí; ó han gooro, ó sì dúró. Ó dára tí kò fi agbára mú un yí. Ampex 456 ni púpọ̀ nínú wọn, irú èyí tí àtè tó so eruku irin mọ́ ara rẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, tí ohùn inú rẹ̀ yóò sì máa hó kúrò pẹ̀lú eruku. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà tọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́, nǹkan bí dígíríì 54 lórí ìwọ̀n Celsius, fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í ṣe ségesège. Lẹ́yìn náà, àyè díẹ̀ ló wà láti dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ gbé róòlù kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, nítorí téèpù àtijọ́ tí wọ́n fi acetate ṣe máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ooru sì máa ń bà á jẹ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn róòlù rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ìgbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. A yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí àwọn téèpù náà fọhùn, a rí i pé ohun tí a ń wá kò sí nínú orin. Ó wà láàárín orin kan sí èkejì. Ẹ̀rọ agbóhùn tó wà níwájú ìlù kì í panu dé bí orin bá dópin, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti yàrá ẹnjiníà wá gba inú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ló wọ orí téèpù. Lórí àwọn róòlù àwo àkọ́kọ́, ohùn atẹdùùrù ni a gbọ́ láti yàrá náà ní ìgbà púpọ̀: ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti gbìyànjú, ó ń sọ fún onílù pé kí ó dúró títí gìtá yóò fi kọjá, ó ń sọ fún ẹnjiníà pé kí ó pa apá ìkẹyìn mọ́. Ohùn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ń béèrè iye wákàtí tó kù tí wọ́n san owó rẹ̀. Nínú páálí àwọn róòlù náà, ìwé tí wọ́n kọ ohun tó wà lórí ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan sí wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Lẹ́yìn téèpù oníìdámẹ́rin íǹṣì, a rí àmì pẹ́ńsù funfun ní ojú gbogbo ibi tí wọ́n ti gé e tí wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́.

Bí a bá dúró níbẹ̀, àkọsílẹ̀ yìí ì bá kúrú. Ṣùgbọ́n téèpù àwo kejì náà fọhùn, ohùn tó sì ń jáde láti yàrá ẹnjiníà lórí rẹ̀ jẹ́ ti onígìtá. Atẹdùùrù wà nídìí dùùrù rẹ̀, ó ń dáhùn. Ó lè ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Ohun kejì tí a gbọ́ tún wúwo ju ìyẹn lọ. Oníbàárà wa ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun náà lòun hun ègé tí àwọn olórin ráàpù yà. Lórí róòlù kan tí wọ́n kò gé rárá, a gbọ́ ẹni tó ta béèsì tó ń dá ta ohùn náà, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń tún okùn ẹ̀rọ wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni ohùn atẹdùùrù béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́, ó ní kí ó tún un ta, ó sì fi kọ́ọ̀dù mẹ́ta sí i lábẹ́. Olóògbé náà ló hun ohùn béèsì. Ẹni tó mọ̀ pé orin ni, tó sì ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, ni oníbàárà wa. Ìwé òfin kò rí àwọn méjèèjì: onígìtá ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó hun orin náà.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú àwo kan ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ orin tí a hun àti ẹ̀tọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Láti ọdún 1991 tí adájọ́ kan ní New York ti dá olórin ráàpù kan lẹ́bi nítorí ègé tí kò gba àṣẹ láti lò, àwọn ilé-iṣẹ́ kì í fi ọ̀ràn ègé ohùn ṣeré mọ́. Nínú ẹjọ́ James Newton, afunfèrè jáàsì, àti Beastie Boys, ẹgbẹ́ olórin ráàpù, ní 2003, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé àwọn olórin ráàpù náà ti gba àṣẹ láti lo ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti pé ohùn mẹ́ta inú orin tí a hun kéré jù láti gba àṣẹ lé lórí. Fún àwọn orin tí a forúkọ wọn sílẹ̀ kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1978, ewé orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ni ààlà ohun tí òfin dáàbò bò. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan náà tún fi èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Led Zeppelin ní 2020. A gba ẹ̀dà ewé orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún orin wa. Orin tí gìtá ń kọ àti orúkọ kọ́ọ̀dù nìkan ló wà lórí rẹ̀. Kò sí ohùn béèsì níbẹ̀. Ègé tí àwọn olórin ráàpù yà kò sì ní gìtá kankan nínú.

Ìyẹn ni pé owó tí onígìtá ń gbà lórí orin tí a hun lè má ní ẹsẹ̀ tó dúró lé lórí. Agbẹjọ́rò wa rí i kíákíá, ó sì béèrè bóyá a fẹ́ fi í ṣe ohun ìjà. A kò fẹ́. Bí àlàyé náà bá jáde, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jàǹfààní ni ilé-iṣẹ́ tó ń san owó, tí yóò sọ pé kò sí ẹni tó yẹ kí òun san án fún, olóògbé tó hun ohùn náà yóò sì tún pàdánù lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ wa yóò ta kò mí lórí èyí.

Láàárín àkókò náà ni ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin dé. American Federation of Musicians máa ń ní kí wọ́n kọ ìwé kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọ sítúdíò: ọjọ́, wákàtí, orúkọ àwọn tó ṣeré, àti orúkọ ẹni tó jẹ́ olórí, nítorí pé olórí máa ń gba ìlọ́po méjì owó àwọn yòókù. Lórí ìwé àwo àkọ́kọ́, orúkọ onígìtá wà ní àyè olórí ní ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ kejì lọ, orúkọ atẹdùùrù ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì san owó lé lórí, kò ní àǹfààní láti mọ̀ pé ìjà yóò wà lọ́jọ́ iwájú. Ìwé yìí nìkan kò lè sọ ọ́ di olùgbéjáde. Ìwé yìí pẹ̀lú téèpù ló mú kí ilé-iṣẹ́ jókòó pẹ̀lú wa.

Ọ̀nà òfin kan ṣì wà tí a tọ̀. Bí rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí ti sátẹ́láìtì bá lo àwo ní Amẹ́ríkà, SoundExchange ló ń gba owó rẹ̀: ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, 45 fún olórin tó ni àwo, 5 fún àwọn tó bá a ṣeré. Olùgbéjáde kò ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àyàfi tí olórin tó ni àwo bá fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí wọ́n yọ díẹ̀ fún un nínú 45 tirẹ̀. Òfin Music Modernization Act ti oṣù kẹwàá ọdún 2018 la ọ̀nà mìíràn fún àwo tí a gbà sílẹ̀ kí oṣù kọkànlá ọdún 1995 tó dé: bí olùgbéjáde bá ti wá olórin náà fún oṣù mẹ́rin láti gba lẹ́tà náà, tí kò sì rí i gbà, ó lè bèèrè fún ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí olórin bá ti kọ̀wé tako ó, ọ̀nà náà ti dí nìyẹn. Onígìtá kọ̀wé tako ó.

Nígbà náà ni a dá àbá tí oníbàárà wa kórìíra jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. A ní kí a fi gbogbo ohùn tí a rí ránṣẹ́ sí onígìtá, pẹ̀lú èyí tó jẹ́ ẹ̀rí fún un lórí àwo kejì, àti èyí tó fi hàn pé oníbàárà wa kò hun ohùn béèsì. Ó bínú. Ó béèrè bóyá ti ta ni a ń ṣe. A ṣàlàyé fún un pé kò sí bí a ṣe lè yọ apá kan nínú téèpù kí a sì pe ìyókù ní òtítọ́, àti pé onígìtá kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan nítorí ó ń bẹ̀rù pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ẹ̀rí bá ti fún ní tirẹ̀ kò nílò láti di ti ẹlòmíràn mú. Ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó gbà.

Àwọn méjèèjì jókòó nínú sítúdíò kan, wọ́n sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò bá wọn dá sí i. Ohun tó yí onígìtá lọ́kàn padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ fún wa lẹ́yìn náà, ni ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń béèrè lọ́wọ́ atẹdùùrù lórí téèpù bóyá kí òun tún gìtá náà ta. Ó ti gbàgbé pé òun máa ń béèrè rí. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà fún àwo àkọ́kọ́. Kò gbà kí a fọwọ́ kan orúkọ ẹni tó hun orin, ṣùgbọ́n ó gbà nínú ìwé pé ìpín kan nínú owó ègé ohùn náà yóò máa lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ẹni tó ta béèsì. Oníbàárà wa náà fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní bèèrè nǹkan kan lórí àwo kejì mọ́. Ilé-iṣẹ́ gbà láti fi orúkọ rẹ̀ kún ti òṣìṣẹ́ wọn àtijọ́ lórí àwo àkọ́kọ́. Wọn kò yọ ti òṣìṣẹ́ náà kúrò, àwa náà kò sì bèèrè bẹ́ẹ̀.

Àwo kẹta kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978, òfin fún un ní agbára láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún 35, bí ó bá fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ kí ó tó ku ọdún méjì, tí kò sì ṣáájú ju ọdún mẹ́wàá lọ. Àyè náà kù díẹ̀ kí ó tì. Àwọn orin tó hun padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìjà. Lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ní iṣẹ́ tí a gbé fún òṣìṣẹ́ ṣe ni, èyí tí òfin náà kò kàn. Wọ́n parí rẹ̀ sí àárín: ilé-iṣẹ́ pa á mọ́, wọ́n fi kún ìpín rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn téèpù tí kò tíì jáde padà fún un.

Àwọn tó bá ní irú ọ̀ràn yìí lọ́wọ́ yóò rí i pé ètò tí a fi tọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju òfin tí a kà lọ. Ìwé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin ló yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, nítorí kì í náni púpọ̀, kì í sì í mú ẹnikẹ́ni gbára dì. Téèpù ni yóò tẹ̀ lé e, kí a sì dà gbogbo rẹ̀ kọ láti ibi tí róòlù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà tó bá gé ọ̀rọ̀ àárín orin dànù kí fáìlì lè mọ́ ti ju ẹ̀rí dànù. Ìgbà tí àwa fúnra wa bá mọ ohun tí téèpù sọ ni kí a tó kọ lẹ́tà, kí a sì ti pinnu ohun tí a óò ṣe bí ó bá sọ ohun tí oníbàárà kò fẹ́ gbọ́. Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí wọ́n ń tẹ dùùrù, tí wọ́n sì ń darí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé méjì ló yẹ, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí orúkọ orin àti ìdá tó kàn wọ́n sì wà nínú rẹ̀. Orin tí a hun láti inú àtinúdá nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹnìkan kọ ẹni tó kọ́kọ́ ta ohùn wo sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde kúrò nínú yàrá náà.

Nǹkan méjì kù nínú fáìlì náà. Fún orin tí a kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, ọdún 56 ni òfin kà kí àyè ìgbàpadà tó ṣí, èyí tó bọ́ sí nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2030. Onígìtá ló ni ìyẹn, a sì ti kọ ọjọ́ tí ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ránṣẹ́ sí i. Èkejì ni róòlù tí wọ́n kò gé náà, èyí tí ohùn béèsì ti kọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbé e jáde bó ṣe wà. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ atẹdùùrù, lọ́wọ́ onígìtá àti lọ́wọ́ ọmọbìnrin olóògbé, a sì ti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé láìsí ìfọwọ́sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìwé kan ṣoṣo, tí yóò sọ ẹni tó hun ún àti ẹni tó gbé e jáde, kò ní jáde. Ọmọbìnrin náà kò tíì fọwọ́ sí i.